Máṣíìnì Tí N Kò Tú Rí

“Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ọwọ́ mi kò tíì kàn rí.”

Níwájú àwọn ọlọ́kadà tó lé ní ọgbọ̀n ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ. Irọ́ ni. N kò tíì tú irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mú sípánà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di gbèsè sí mi lọ́rùn, ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, mo sì ti kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ku àwọn tó ń gun ọ̀kadà, nítorí àwọn gan-an ni mo parọ́ fún.

Mẹkáníìkì máṣíìnì ni mí. Mókólá ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni mo ṣì wà lọ́dún 2011 tí Honda gbé Ace CB125 jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ní Ọ̀tà, tí iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦100,000. Àwọn ọlọ́kadà rọ́ wá bá ọ̀gá mi: “Bàbá, ẹ ti rí Honda tuntun yìí? Ṣé ká rà á?” Ọ̀gá mi ní òun kò tíì rí inú rẹ̀. Ó dúró títí ẹnì kan fi gbé tirẹ̀ wá, ó bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó tú kàbúrétọ̀ rẹ̀, ó ṣí klọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kọ orúkọ gbogbo ohun tó máa ń tètè jẹ sórí ìwé, ó sì rán mi lọ sí ọjà àwọn onípáàtì kí n lọ wo èyí tó wà níbẹ̀ àti èyí tí kò sí. Ìgbà tí mo padà dé ni ó tó dá wọn lóhùn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dúró de ẹnu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú.

Ohun tí ọ̀gá mi ń wá lọ́jà yẹn náà ló jẹ́ kí Bajaj Boxer gba ìgboro mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹwà. Òótọ́ ni pé kò mu epo, kì í sì í tú èéfín funfun sílẹ̀ bíi Suzuki AX100 tí ń jó ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Ṣùgbọ́n bí kébù klọ́ọ̀ṣì Bajaj bá já mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Ìjàyè, ọmọ tó ń ta páàtì lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ ní in nílẹ̀, ẹni tí yóò sì bá ọ fi sí i kò jìnnà. Ọlọ́kadà tó ń jẹ ohun tó bá pa lójúmọ́ kò lè ra máṣíìnì tí yóò dùbúlẹ̀ dúró de páàtì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó lanu lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kó àwọn máṣíìnì tuntun náà dé sí pápá tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Wọ́n ta káńópì, wọ́n ń kọrin nínú gbohùngbohùn. Mẹ́ta ni wọ́n: 100cc, 125cc, 150cc. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń jẹ́wọ́ kì í ṣe tiwọn.

Àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn ọlọ́kadà lọ bá 150 lọ́gán. Wọ́n ń jókòó lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn tó ń kó ẹrù oko lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn kò tilẹ̀ wo ọ̀dà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ṣọ́ọ̀kì yìí rọ̀ jù fún àpò gàrí méjì. Òmíràn ní ìjókòó ti kúrú jù, níbo ni ìyá ọlọ́mọ máa fìdí lé? Nípa 100, wọ́n ní Bajaj tí àwọn ní nílé kò burú jù ú lọ. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 125, ó ń wá kàbúrétọ̀ rẹ̀, kò rí i.

125 yìí ni gbogbo wọn padà wá pagbo yí ká. Ẹni tó ń tà á ṣàlàyé pé kò ní kàbúrétọ̀, ìnjẹ́kítọ̀ ló ní bíi ti mọ́tò, kò sì ní fi epo ṣòfò. Lọ́dún yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè wọ ọlọ́kadà létí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹtiróòlù tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó fò kọjá ₦500, nígbà tó sì di oṣù keje, ₦617 ni. Àwọn tó ń kó èrò láti ibùdó rélùwéè Mọ́níyà sọ fún mi pé ìdajì ohun tí àwọn ń pa ló ń lọ sínú táńkì. Ojú ẹni tí nǹkan ti le mọ́ ni wọ́n fi ń wo máṣíìnì yẹn.

Bàbá tó ń wá kàbúrétọ̀ ló dìde, tó béèrè pé, “Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò tún un ṣe fún wa?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó fẹ́ tà á ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ₦10,000 ni tèmi lórí gbogbo ẹni tó bá rà á nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mo gbà. Owó epo ti bá iṣẹ́ tèmi náà jà, àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́sẹ̀ méjì-méjì ti sún un di oṣù kan, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn bojú. Ilé mi kò tíì sùn lébi. Owó náà wù mí ni. Ohun kejì sì burú ju owó lọ: ojú tì mí láti sọ níwájú gbogbo wọn pé máṣíìnì kan wà tí n kò mọ̀.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, èèyàn márùn-ún sì rà á. ₦50,000 wọ àpò mi.

Ẹni karùn-ún ni àbúrò ìyàwó mi. Èkó ló ti ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó gbé Bajaj rẹ̀ wá sílé, ó ní bí n bá wà ní Mọ́níyà, òun náà lè wà ní Mọ́níyà. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó wá bá mi nílé. A ti jẹun tán. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lónìí, ti ọjà ni. Ẹ wá bá mi sọ ti ilé. Ṣé kí n ta Bajaj mi?”

Ọlọ́run tún ṣílẹ̀kùn fún mi níbẹ̀. Kò sí èrò, kò sí gbohùngbohùn, kò sí ẹni tí yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ká ní mo sọ pé, “Àbúrò mi, dúró ná, n kò tíì rí inú rẹ̀,” ì bá dúró. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Tà á.”

Ó tà á ní ₦350,000. Ìyá ìyàwó mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́, kó ₦250,000 àjọ rẹ̀ lé e. ₦1,250,000 ni gbogbo owó máṣíìnì náà. Ó san ₦600,000 gbé e, yóò sì máa san ₦13,000 lọ́sẹ̀ títí àádọ́ta ọ̀sẹ̀ yóò fi pé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ló fi san án láìyẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa máṣíìnì náà: ohun tí wọ́n sọ nípa epo kì í ṣe irọ́. Àbúrò mi ń padà wálé pẹ̀lú owó tí kò rí mú wálé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ra ẹja wá fún wa lọ́jọ́ kan, ó ní tèmi ni, nítorí ìmọ̀ràn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, máṣíìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jánu lójú ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ sáré, á fà sẹ́yìn, á tún lọ. Lọ́jọ́ tó kú sí àbúrò mi lọ́wọ́, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ló ti ra epo láàárọ̀, nítorí ìlà ilé epo gùn. Ó tì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lálẹ́.

Kàbúrétọ̀ kò ní àṣírí. Epo ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti táńkì, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló sì ń fa epo gba ojú ihò kékeré kan wọlé. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò náà, a ó tú u, a ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó parí. Ìnjẹ́kítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù kan wà tó ń fi agbára ti epo dé ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà ń ṣí, ó ń dé, kíákíá ju bí ojú ṣe lè rí i lọ. Bréènì bọ́ọ̀sì ló ń pàṣẹ iye epo tí yóò jáde, lẹ́yìn tó bá ti mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí àti bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. Iná kékeré ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí iná bátìrì bá gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì, ó jó nìyẹn. Gbogbo èyí tí mò ń kọ yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ba nǹkan jẹ́ ni mo tó kọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi, ọmọ iṣẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bọ́ wáyà kan, mo fà á tààrà láti bátìrì, mo ń fi í kan orí wáyà yìí, mo ń fi í kan tọ̀hún, bí mo ṣe máa ń wá iná lára Bajaj láti ọjọ́ yìí wá. Òórùn ike tó ń jó ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Iná ojú mítà máṣíìnì náà kú, kò sì tàn mọ́.

Mo ní, “Máṣíìnì yìí ò dára.”

A wá bréènì bọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, a wá a dé Èkó. Ẹni tó lè bá wa mú un wá ní ₦310,000 ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò sì gbà. ₦13,000 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò dúró dè wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá tí kò rí san, wọ́n wá gbé máṣíìnì wọn gẹ́gẹ́ bí ìwé tó fọwọ́ sí ṣe wí. ₦600,000 àti ₦169,000 tó ti san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù lọ́jà Mọ́níyà. Ẹ̀lùbọ́ tí ìyá ìyàwó mi ń tà kù sí abọ́ mẹ́ta.

Oṣù méjì ni mo fi ń sọ kiri pé máṣíìnì náà ló burú. Àbúrò mi gbà mí gbọ́ débi pé ó bá ẹnì kan jà nítorí tí ẹni náà ní èmi ni kò mọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló bi mí lọ́jọ́ kan tí a ń palẹ̀ mọ́: “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe wáyà ọjọ́ yẹn ló jó o?”

Iṣẹ́ ló wá kọ́ lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé bí n bá sọ fún un pé rárá, ohun tí yóò kọ́ nìyẹn. Mo ní, “Òun ni.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àbúrò mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. Mo sọ ti wáyà, mo sọ ti ₦10,000. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Àbúrò mi ò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Nígbà tí mo wá bi yín lóru ọjọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi dá mi lóhùn.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ́wáyà kan tó ń tún mọ́tò oníìnjẹ́kítọ̀ ṣe, mo ń bá a gbé irin iṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ra mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Ó di dandan, nítorí àwọn máṣíìnì yìí ń bọ̀ wá bá wa. Ní Íńdíà tí a ti ń ra púpọ̀ nínú ohun tí a ń gùn, òfin èéfín tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2020 ti mú kí ọ̀pọ̀ máṣíìnì wọn fi kàbúrétọ̀ sílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn ọlọ́kadà kan, tí wọ́n ń pè ní zemidjan, ti ń pààrọ̀ bátìrì dípò kí wọ́n ra epo. Àwọn ọlọ́kadà ti ń bi mí nípa oníbátìrì yẹn náà. N kò tíì tú u rí, ohun tí mo sì ń sọ fún wọn nìyẹn.

Nínú ₦769,000 tó jẹ́ ti àbúrò mi àti ìyá rẹ̀, mo ti san ₦412,000. Mo ti dá ₦10,000 padà fún mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin yòókù, mo sì ti sọ ibi tó ti wá fún wọn. Ẹni kẹrin ti kọjá sí apá Ìṣẹ́yìn, n kò ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń ka èyí, owó yín wà lọ́wọ́ mi. Bí máṣíìnì náà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jánu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà tààrà láti bátìrì kàn án. Ẹ gbé e wá sí Mọ́níyà. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.