Àádọ́ta Péré

Wúrà ló tẹ Johannesburg dó lọ́dún 1886, kì í ṣe omi. Ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, kò sí odò ńlá kan tó gba inú rẹ̀ kọjá, orí òkè tó fi bíi mítà 1,750 ga ju òkun lọ ló jókòó sí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni èmi, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Ọdún keje tí mo ti ń gbé ìlú wúrà yìí rèé, àárò omi kò sì tíì kúrò lára mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé àdúgbò Yeoville ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ẹran inú iyanrìn. Ó ní ní ìhà Gqeberha, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ sí Port Elizabeth kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2021, ẹran oníkarahun méjì kan wà tó ń gbé inú iyanrìn etíkun. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, èèyàn á lọ wà á, á sì sè é jẹ. White mussel ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Donax serra. Mo bi í bóyá ó jọ ìṣáwùrú. Ó ní kí n lọ tọ́ ọ wò kí n tó bi òun léèrè mìíràn. A ra ìwé àṣẹ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. A di gàrí, irú, ata rodo àti epo pupa láti ọjà Yeoville sínú bùùtù, a sì gbéra ní aago mẹ́ta òru.

A gba òpópónà N1 dé Colesberg, a yà sí Middelburg, a gba Cradock sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó sì gbà wá ní ọjọ́ kan gbáko. Ohun kan ṣoṣo ni n óò sọ nípa ọ̀nà náà. Bí o bá fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ á rọra bọ́ sí etí ọ̀nà, lẹ́yìn ìlà yẹ́lò, á jẹ́ kí o kọjá. Ìwọ náà á tan iná ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi dúpẹ́, òun náà á sì ṣẹ́ iná iwájú rẹ̀ sí ọ pé kò tọ́pẹ́. Ẹ ò mọ ara yín rí, ẹ ò sì ní rí ara yín mọ́. Mo ronú kan ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí a ti ń fi fèrè bú ara wa, ó sì dùn mí.

Etíkun Maitlands ni a lọ. Ọjọ́ kejì òṣùpá àrànmọ́jú ni a yàn, nítorí ìgbà bẹ́ẹ̀ ni omi máa ń fà jìnnà jù. Láti ọdún 2002 ni ìjọba South Africa kò ti jẹ́ kí ọkọ̀ máa gun etíkun mọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ ni a fi rìn, korobá lọ́wọ́. Òkìtì iyanrìn tó ga bí ilé alájà wà lẹ́yìn wa, òkun gbalasa níwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìdajì wákàtí kọjá, iyanrìn lásán ni mo kó.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà kan dé. Ó wé gèlè, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ dé orúnkún, korobá kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Molo, mntanam." Ìyẹn ni pé, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Johannesburg, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́rin. Orúkọ tí wọ́n ń pè wá lójú títì nígbà náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò pè mí lọ́mọ rí. Ìyá yìí kò bi mí níbi tí mo ti wá, kò bi mí ní ìwé ìrìnnà. Ọmọ ló rí tí kò mọ iṣẹ́, ó sì gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀ láti kọ́ mi.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni ojú wa níbí." Ó dúró níbi tí ìgbì ti ń lá etíkun, ó ń yí gìgísẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí iyanrìn fi rọ̀ bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan ohun líle, ọwọ́ gbọ́dọ̀ yára tẹ̀ lé e, nítorí ẹran náà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fi ń gbẹ́lẹ̀, kì í sì í dúró dèèyàn. Kò lórí. Ọ̀nà ọ̀fun méjì ló ní, ọ̀kan ń fa omi wọlé, èkejì ń tú u síta, ewéko tí ojú kò lè rí nínú omi náà ni oúnjẹ rẹ̀. Ní apá ìwọ̀ oòrùn South Africa, inú omi níbi tí kì í gbẹ ni àwọn tó ti dàgbà ń gbé. Ní ìhà Gqeberha, àárín etíkun ni wọ́n wà, ibi tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà lè dé.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tán, mi ò dáwọ́ dúró mọ́. Nígbà tí Mama, bí mo ti ń pe ìyá àgbà náà, yọjú wo korobá mi, 63 ló wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó da gbogbo rẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń kà. Ó yọ mọ́kànlá tó kéré, ó tẹ̀ wọ́n bọ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin ẹ̀wà. Ó tún yọ méjì tó tóbi dáadáa. Ó ní, "Àádọ́ta."

Ó wà nínú ìwé àṣẹ mi lóòótọ́: àádọ́ta fún ẹnì kan lóòjọ́, kí ìkarahun rẹ̀ má sì dín ní mìlímítà 35. Mo ti kà á, ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo ní, "Mama, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan níbí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo wà níbí."

Ó wá sọ fún mi pé ìyá òun ló kọ́ òun, pé ìgbà kan wà tí àwọn èèyàn ń fi àpò kó o, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè yí gìgísẹ̀ láti àárọ̀ kí wọ́n má rí tó ọbẹ̀. Ó ní àwọn kékeré tí òun tẹ̀ padà, ọmọ ẹlòmíràn ló máa jẹ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi sùn. Ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja odò Òṣun nínú igbó òrìṣà, ẹja sì kún ibẹ̀. Àwọn baba wa mọ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá sọ di èèwọ̀, ńṣe là ń jẹ ẹ́ tán. Ní ọ̀sà wa ní Ẹ̀pẹ́, mo ti rí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré débi pé ẹja tí kò tó ọmọ ìka kò lè bọ́, mo sì ti rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Láàárín "má fọwọ́ kàn án" àti "jẹ ẹ́ tán," kíkà ló yẹ kó wà, òun gan-an ni a kò kọ́ ara wa. Jíjẹ nínú òkun South Africa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ihò àpáta kan ní Pinnacle Point, lẹ́bàá Mossel Bay níbẹ̀, àwọn onímọ̀ tí Curtis Marean ṣáájú rí ìkarahun tí èèyàn jẹ ẹran inú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 164,000 sẹ́yìn. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2007. Àtìgbà náà ni èèyàn ti ń jẹ nínú òkun yìí, ó sì yẹ kí tiwa má jẹ́ ìkẹyìn.

Mama kò jẹ́ ká sè é lọ́jọ́ yẹn. Ó ní iyanrìn kún ikùn rẹ̀. Ilé rẹ̀ la sùn, a rẹ ẹ́ sínú omi òkun di ọjọ́ kejì, a ń pààrọ̀ omi náà, kó lè pọ iyanrìn rẹ̀ síta. Kó tó gbà ká gbé ìkòkò kaná, ó ti ránṣẹ́ bi àwọn apẹja bóyá òkun ti pọ́n níbì kankan. Nígbà tí òkun bá pọ́n, ẹran yìí a máa kó májèlé sára, sísè kì í sì í pa májèlé náà.

Omi díẹ̀ nínú ìkòkò, iná líle, ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, púpọ̀ jù nínú wọn ti la ẹnu. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lórí iná, yóò yi bí awọ. Mo tú ẹran inú rẹ̀, mo da epo, àlùbọ́sà, ata rodo àti irú síná, mo jẹ́ kó dín dáadáa kí n tó kó ẹran náà sí i. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀bà jẹ ẹ́, Mama fi páàpù, òkèlè àgbàdo ibẹ̀, jẹ tirẹ̀. Ata mú un, ó mu omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì na abọ́ fún mi pé kí n bu sí i. Ó dùn ju ìṣáwùrú lọ lóòótọ́. Mẹ́ta nínú àádọ́ta mi kò la ẹnu, a dà wọ́n nù.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ wà ní Johannesburg, bí ẹ bá ń lọ, ẹ ra ìwé àṣẹ yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ má mú àpò dání, korobá kan ti tó. Bí ẹ bá sì bá ìyá àgbà kan pàdé létí omi, ẹ gbé korobá yín fún un, kó bá yín kà á.