Rédíò Tí Bàbá Wa Kì í Tà

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ní Ọjà Àlàbá, rédíò kan wà tí wọn kì í tà. Lọ́dún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n pa Kudirat Abíọ́lá, Wọlé Ṣóyínká àtàwọn mìíràn tó ti sá lọ sókè òkun dá Rédíò Kudirat sílẹ̀. Orí shortwave ni wọ́n ti ń béèrè ìbò June 12, 1993 tí ológun fagi lé. Bílẹ̀ bá ti ṣú, bàbá wa á gbé rédíò náà wálé ní Okokomaiko, wọ́n á yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni o!"

Àbúrò wa ti wà ní London báyìí. Ní 2020, ó jáde lọ́hùn-ún nítorí EndSARS. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ 2023, ó pè wá: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dìbò?" Òun ò lè dìbò látọ̀hún, òfin ò tíì gbà á. Àwa tá a ní káàdì ńkọ́? Bọ́ọ̀lù là ń wò nílé. A ní a ti dìbò.

Irọ́ ni. Rédíò yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ń tì wá láti wò ó. Àwọn tó wà lókè òkun lè pariwo títí, ìka tiwa ló máa tẹ̀ ẹ́.