Ta Ni Yóò Máa Lù Ú?

Owó a máa ra igi àti awọ. Kì í ra ohùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ní kí wọ́n gbẹ́ ìyáàlù dùndún kan fún mi. Igi ọmọ ni agbẹ́gi lò. Àwọn àgbà onílù gbà pé èyí tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tipẹ́. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú méjèèjì. Wọ́n fi ọṣán so ojú kan mọ́ èkejì, wọ́n sì to ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká.

Ṣíṣe parí, ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bí òjò bá ń rọ̀, awọ a dẹ̀, a ó sì yá a lóòrùn. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ a le, ó sì lè fàya. Bí a bá gbé e kọ́ ògiri láìfún un, ọṣán a gan.

Èmi kì í ṣe ọmọ Àyàn. Nígbà tí mo fẹ́ tà á, ẹnì kan tó ń kó ohun ọ̀ṣọ́ jọ fi owó ńlá lọ̀ mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan ní ìdajì rẹ̀ péré lọ́wọ́. Onílù ni mo tà á fún. Àwọn ará ilé mi ní mo pàdánù. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n ìlù tó dákẹ́ ti di àga. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìlù, kí ó má béèrè èló nìkan. Kí ó béèrè pẹ̀lú pé ta ni yóò máa lù ú.