Púlọ́ọ̀gì Kò Mọwọ́mẹsẹ̀

Títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kì í ṣe eré àwọn tó fẹ́ràn nǹkan ayé àtijọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé, lítà epo kan ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Náírà ń wálẹ̀, owó tọ̀kunbọ̀ ń gòkè. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó kò rówó ra òmíràn. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ni yóò máa tún ṣe. Bí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ṣe kún fún ọkọ̀ tó ju àwọn tó ń tún wọn ṣe lọ́jọ́ orí nìyẹn.

Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọjọ́, l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní 1975, ni ọkọ̀ náà ti jáde. Tísà rà á ní 1979, pẹ̀lú owó tí ìjọba ń yá àwọn olùkọ́ nígbà náà. Inú rẹ̀ ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìgbẹ̀bí lẹ́ẹ̀mẹta. Nísinsìnyí, inú rẹ̀ náà ló fi ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kadà kò yẹ obìnrin ẹni ọdún 74, owó takisí sì ti fẹ́ gbé owó ìfẹ̀yìntì mì.

Nígbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àgídí. Bí Tísà bá yí kọ́kọ́rọ́ lówùúrọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kérora, yóò yí díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì dákẹ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rí i pé wọ́n dúdú, epo sì rin wọ́n gbingbin. Ó ní wọ́n ti kú. Wọ́n ra mẹ́rin tuntun, ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì péré. Mẹkáníìkì kejì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ó ra mẹ́rin mìíràn, ó sì fi kọ́ìlì tuntun lé e. Ẹ̀kẹta tú kábúrẹ́tọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dì í padà, ó wá di gbogbo ẹ̀bi ru epo tí wọ́n ń tà lóde òní.

Epo burúkú kì í kúkú ṣe àlọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ fúnra wọn gbà pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Púlọ́ọ̀gì tí àwọn ènìyàn rà lásán lóṣù yẹn yóò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Ìjàpá Tísà tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bi í: bí ọmọdé mẹ́ta bá ti ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn, kíá ló ń ṣiṣẹ́. Epo burúkú kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ ọmọdé.

Àkọ́bí Tísà, tó ń gbé l'Ékòó, pè é lórí fóònù. Ó ní, "Bàá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tà á. Owó tí ẹ ti ná lóṣù yìí kì í ṣe kékeré." Wọ́n fi í lọ ẹnìkan tó ń ra àjákù irin, ẹni náà sì ní òun yóò wá gbé e ní Sátidé. Tísà gbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan yà kí i. Tísà ló kọ́ ọ ní ìwé kẹrin. Òun náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ó sì ti fa ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà tán.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì ń yí àbí kò yí?"

"Ó ń yí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n bí arúgbó tó ń gun Òkè Màpó ni."

"Bí wọ́n bá tì í ńkọ́ sà?"

"Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì kò mọwọ́mẹsẹ̀ nìyẹn sà."

Ohun tó rí nínú ìdáhùn méjèèjì kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ iná lásìkò tó yẹ, ó sì gbọ́dọ̀ yí kíákíá tó. Ẹlẹ́rìí ni púlọ́ọ̀gì jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá gbẹ lẹ́yìn tí a ti yí kọ́kọ́rọ́ títí, epo ni kò dé. Bí epo bá rin ín, epo dé, iná ni kò mú un. Èyí tí ara rẹ̀ pọ́n bí èèpo ẹ̀pà ń sọ pé ara ẹ́ńjìnnì le. Àwọn tó ń pààrọ̀ ti Tísà ń lé ẹlẹ́rìí jáde ní kóòtù kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Púlọ́ọ̀gì tuntun fi iná tó ń kú lọ sọ̀yà fún ọjọ́ méjì, epo sì bo òun náà.

Ó ní kí wọ́n gbé mítà wá. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Fóòtì 12 àti ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó dára. Ó wá fi ẹnu mítà kan kan ara ẹ́ńjìnnì, ó fi èkejì kan orí bátìrì tí a so mọ́ ara ọkọ̀, ó ní kí Tísà yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mítà ń kà níbẹ̀ kò yẹ kó ju ìdajì fóòtì lọ. Ó ju mẹ́ta lọ. Iná ń jáde ní bátìrì, kò rọ́nà padà sílé.

Ọkùnrin náà kò bìkítà fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n hun bí irun, tó so gíábọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ka ìdí, nítorí náà wáyà yìí ni ọ̀nà tí iná gbọ́dọ̀ gbà padà. Ó ti di àwọ̀ ewé, ó ti já, fọ́nrán díẹ̀ ló kù. Èyí tó lè kọjá níbẹ̀, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ ẹ́, òróró ọwọ́ lásán ló ń kù fún kọ́ìlì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tì í: nígbà náà, kò sí ẹni tó ń bá kọ́ìlì du oúnjẹ.

Owó wáyà tuntun kò tó ti púlọ́ọ̀gì méjì. Wọ́n fi sáńpépà ha ojú ibi méjèèjì títí irin fi ń dán, wọ́n sì dè é.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan púlọ́ọ̀gì, ibẹ̀ ló sì ti bínú jù. Àwọn ará ìṣáájú ti fi agbára dì wọ́n bí ẹni ń di táyà, bẹ́ẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kì í ṣe irin líle. Bí ojú ìdè inú rẹ̀ bá já, ináwó ńlá ni. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ó fi páńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku kúrò ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iyanrìn má bàa já sínú. Ẹyọ kan ló ń tú lẹ́ẹ̀kan, kí wáyà wọn má bàa pòrúurùu, torí 1-4-3-2 ni iná ń gbà lọ nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ó fọ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n ti sọ pé ó kú, ó yẹ ẹnu wọn wò kó má ju 0.7 mìlímítà lọ. Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka yí i wọlé. Bí púlọ́ọ̀gì bá fẹ́ wọ́, rọ́bà á yọ̀ lọ́wọ́, kò ní lè fipá ba ojú ìdè jẹ́. Ìgbà tó jókòó tán ló tó mú sípánà, ó fi kún un díẹ̀.

"Tísà, ta ló yọ rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀ tó bo ìdí méjì nínú wọn sà?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá tutù, kò lo omi. Bí ìdí púlọ́ọ̀gì bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á máa gba ibẹ̀ sá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ mú. Tísà yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú yàrá láìwọ bàtà.

Nígbà tí oníjàákù irin dé ní Sátidé, ìta ilé ṣófo. Wọ́n ti lọ sí Gáàtì láti wá rọ́bà méjì tó ṣẹ́kù. Wọ́n rí ẹyọ kan.