Bí Àgbà Bá Ṣubú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe náà ń kọ́ wa pé ẹni tí ó dàgbà a máa wádìí ohun tí ó gbé e ṣubú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín lónìí ni pé: nígbà tí àgbà bá ṣubú lóòótọ́, tí a sì gbé e dé ilé ìwòsàn, ta ni yóò bá a wo ẹ̀yìn?

Ìyá tí ó bí ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá ń tẹnu mọ́: "Ẹsẹ̀ ni ó ń dùn mí." Dókítà náà kò gbọ́ Yorùbá; "foot" sì ni ògbufọ̀ pe ẹsẹ̀ fún un. X-ray ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n yà. Egungun ibẹ̀ kò ṣẹ́, wọ́n sì ní kí a máa gbé wọn lọ sílé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ ṣe àkíyèsí: láti ìbàdí títí dé ọmọ ìka ni Yorùbá ń pè ní ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò ìyá mi rí i pé ẹsẹ̀ òsì Màmá kúrú ju ọ̀tún lọ, ó sì yí sóde. Ọrùn egungun itan ni ó ti ṣẹ́. Egungun ìbàdí tí ó ṣẹ́ lè máa ro ènìyàn ní orúnkún. X-ray àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi í hàn. Nítorí náà, bí àgbà kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò.

Oògùn ńkọ́? Amlodipine ni Màmá ń lò nílé fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn tún kọ Norvasc fún wọn. Oògùn kan náà ni méjèèjì. Orúkọ ni ó yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó wà nínú ọ̀rá oògùn wọn. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde jókòó, títí apoògùn kan ní àdúgbò fi rí àṣìṣe náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkìtì nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún sí nǹkan bí 684,000. Àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo láti dín ewu àṣìlò oògùn kù ní ìdajì láàárín ọdún márùn-ún. Ní Ìbàdàn, UCH ti ní ilé ìtọ́jú tí a kọ́ fún àwọn arúgbó láti ọdún 2012.

Bí ẹ bá tẹ̀lé àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání. Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ibi tí ó ń dùn ún, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà bóyá itan ni, ìbàdí ni, tàbí orúnkún. Ire o.