Láti Agége dé Ìkẹjà: Ojú Ìyá Onífùrá

Iṣẹ́ ládàní ni mo ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Agége. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín kò jìnnà rárá, Agége sí Ìkẹjà ni, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ gbé ọkàn mi dé Òkè Ọya.

Ẹni tí ó mọ Agége mọ̀ pé ìlú obì ni. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin ni ń kó obì ibẹ̀ lọ sí Kánò, àwọn Hausa oníṣòwò sì wá ń bá wa gbé. Títí di òní, bí ẹ bá lọ sí Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ ó gbọ́ èdè Hausa bí ẹ ti ń gbọ́ Yorùbá. Ní ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá àgbà kan ti ń ta fùrá. Abúlé kan ní agbègbè Sókótó ni ó ti wá. Mo ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ a máa ṣomi, a sì máa fi ẹ̀mú kékeré kan tu irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Málàmù, irun yìí ni ń gún mi lójú. Bí mo bá tu ú, ara á tù mí. Bí ó bá tún hù, ìyà mi tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ìyá mi títí ojú rẹ̀ fi fọ́."

Mo rò pé apólò lásán ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi, ìyá náà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Agége, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Agbádó àti Òyìngbò ní oṣù October 2024. A kò tíì jókòó dáadáa tí a fi dé Ìkẹjà, ìlú ilé iṣẹ́, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

Dókítà obìnrin tí ó gbà wá yí ìpéǹpéjú ìyá náà sódì, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní, "Àlùfáà, kì í ṣe apólò. Tirakómà ni." Ó ṣàlàyé pé láti kékeré ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́, aṣọ àti eṣinṣin ni ń gbé e láti ojú ọmọ kan sí ojú èkejì. Bí ó bá padà wá lọ́pọ̀ ìgbà, àpá á mú nínú ìpéǹpéjú, á fa irun rẹ̀ wọ inú, irun náà á sì máa ha ẹyin ojú títí yóò fi fọ́. Àwọn obìnrin ni ó ń fọ́ lójú jù, ó lè tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọkùnrin, nítorí àwọn ni ń tọ́jú ọmọ.

Mo béèrè bí àrùn náà ṣe pọ̀ tó. Ó ní ojú ẹnì kan kò lè sọ èyí, kíkà ni a ń kà á, ní abúlé. Wọn a ṣẹ́ gègé yan abúlé bíi 20 sí 30 ní agbègbè kan, wọn a sì yan ilé bíi 25 sí 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ti yege ìdánwò iṣẹ́ náà yóò yí ìpéǹpéjú òkè gbogbo ará ilé sódì, yóò sì fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó bóyá kókó kéékèèké 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kejì a kọ ọ́ sínú fóònù. Wọn a tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, àti bóyá wọ́n ní ṣáláńgá. Láti oṣù December 2012 títí di January 2016, 2,600,000 ènìyàn ni wọ́n wò báyìí ní orílẹ̀-èdè 29, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Iye ọmọ ọlọ́dún 1 sí 9 ni ó ń pàṣẹ oògùn. Bí ó bá tó 10 nínú 100, gbogbo agbègbè náà ni yóò máa gba azithromycin lọ́dọọdún, ó kéré tán fún ọdún 3. Kí ó kéré sí 5 nínú 100 wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè kí ó tó jẹ́rìí pé ìlú bọ́. Ghana bọ́ ní 2018, Tógò ní 2022, Bẹ̀nẹ̀ ní 2023.

Nígbà tí ọmọ náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ̀ àgbà, ìyá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wá sí abúlé wọn nígbà kan. Ẹ̀rù bà á, ó kó àwọn ọmọ ilé pamọ́ sí ìyẹ̀wù, ó ní wọ́n ti lọ sí ilé kéwú. Ó wá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí a fi pamọ́ kò sí nínú iye. Bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ó ní àrùn náà, iye yóò kéré ju òtítọ́ lọ, oògùn sì lè má dé. Ní abúlé, ládàní bí èmi ni ó yẹ kí ó kéde pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ pe àwọn ọmọ wá láti oko àti láti ilé kéwú."

Wọ́n dá ọjọ́ fún ìyá onífùrá láti tún ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe. Ojú òsì ti ṣú, iṣẹ́ abẹ náà kò ní dá ohun tí ó ti lọ padà, ṣùgbọ́n irun kò ní máa ha ojú ọ̀tún mọ́. Ó ti ṣe é báyìí. Ó ti ju ẹ̀mú nù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ronú nípa omi. Láti Ìjù tí ó wà nítòsí wa ni omi ẹ̀rọ ti ń lọ sí Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá náà ní kànga kan ṣoṣo ni odindi abúlé wọn ń pọn, omi mímu ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń rò, kí wọ́n tó ro ti ojú ọmọ. Àwa tí búútà wa kún ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́ kò mọ ohun tí a ní.

Mo dé mọ́ṣáláṣí kí ó tó di àkókò Àsárì. Aṣọ ìnura kan ṣoṣo ni ó wà ní ibi àlùwàlá, tí tọmọdé tàgbà fi ń nujú. Mo ká a kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà bi mí léèrè. Mo ní kí olúkúlùkù máa mú tirẹ̀ wá láti ilé, ojú ni ọba ara.