Àga kan ṣófo ní Cape Town, gbogbo èrò ló mọ ẹni tó ni ín

Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga náà lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1966, àmọ́ òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Jameson, ní Yunifásítì Cape Town, lórílẹ̀-èdè South Africa. Ian Robertson, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NUSAS, ló ni ín. Òun ló pe Robert Kennedy wá láti Amẹ́ríkà síbi ayẹyẹ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bèèrè òmìnira ẹ̀kọ́ àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Kí ló dé tí ò wá? Ìjọba ti fòfin dè é fọ́dún márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí èrò bá pé sí. Òyìnbó bíi tiwọn ni o! Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò ju pé ó ń ta ko ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ṣẹ́ ẹ rí i, láti 1959 ni wọ́n ti ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú ò gbọ́dọ̀ wọ irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tí mínísítà bá fọwọ́ sí i.

Kennedy ò bẹ̀rù. Ó lọ kí Robertson nílé. Nígbà tó dórí pèpéle, ó ní bẹ́nì kan bá dìde sí ìrẹ́jẹ, bí ìgbì kékeré ni, tí wọ́n bá sì pọ̀, wọ́n á wó ògiri tó le jù.

Ọdún méjì géérégé sọ́jọ́ yẹn ni Kennedy kú, ìbọn ni wọ́n yìn fún un. Gbọ̀ngàn náà ò jẹ́ Jameson mọ́. Lọ́dún 2018, wọ́n fi sọrí Sarah Baartman, obìnrin Khoi tí wọ́n gbé kiri Yúróòpù bí ohun ìran wíwò. Ẹni tí wọ́n fi ṣèran níjọ́sí, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé báyìí.